Mary Inú Rẹ́kọ́ọ̀dù Bàbá Wa

Ọ̀kà-Àkókó,
Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejì, 2025.

Bọ̀dá mi,

Ẹ ní kí n wo inú àpótí Bàbá, kí n kọ ohun tí mo bá rí gan-an, kí n má fi iyọ̀ sí i. Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí.

Aláǹgbá kan lórí ìdérí àpótí; kò sá nígbà tó rí mi, ó jọ pé ó ti gbọ́ pé n kì í pariwo. Ìwé ìṣirò mẹ́rin. Táì dúdú kan tí kòkòrò ti jẹ. Awò ojú Bàbá, ti apá ọ̀tún ti là. Rẹ́kọ́ọ̀dù mẹ́fà: márùn-ún jẹ́ orin ìjọ, ẹ̀kẹfà ni èyí tí ẹ ń wá. Ikán ti jẹ apá òkè páálí rẹ̀, ó sì jẹ orúkọ olórin mọ́ ọn. Ohun tó kù nínú àwòrán ni fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ òyìnbó kan, irùngbọ̀n, ọgbà onígi, àti nǹkan kan lẹ́yìn ọgbà tó ní etí gígùn méjì. Ikán ti jẹ ojú ìyẹn náà. Mo rò pé ajá ni. Àwo inú rẹ̀ kò fọ́, ṣùgbọ́n àpá kan gùn ún láti etí dé àárín bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ ya á.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, mo wá rántí pé mi ò tíì kí yín. Ẹ kú òtútù. Ẹ bá mi kí Àǹtí Latifah àti ẹni tó wà nínú wọn. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n sì ní kí ẹ máa jẹun.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbà kí n máa kọ̀wé dípò fóònù. Òótọ́ lẹ sọ, bí ẹ bá pè mí, "ẹn" mẹ́rin àti "rárá" kan ni mo máa ń sọ, ẹ wá ń fi dátà gbọ́ èémí mi. Limota, ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù títẹ̀wé ní Ìkàrẹ́, ti ní kí n máa fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí yín nígbà tí kò bá sí oníbàárà. Ó ní èmi nìkan ni òṣìṣẹ́ òun tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ.

Kí ló dé tí ẹ̀ ń bèèrè rẹ́kọ́ọ̀dù lójijì? Ọdún mẹ́ta lẹ ti wà ní Kánádà, ẹ ò bèèrè rẹ̀ rí. Ẹ ò bèèrè èsì JAMB mi náà. Mi ò bínú. Kì í ṣe èsì tí ènìyàn ń fẹ́ kí wọ́n bèèrè.

Àbúrò yín,
Ayọ̀midọ̀tun.


Regina,
Kánádà,
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì.

Dọ̀tun,

O ṣeun, ọmọ ìyá mi, akọ̀wé àgbà. Mo ka lẹ́tà rẹ fún Latifah, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi ta á nípàá nínú. Ó ní ṣé báyìí lo ṣe rí? Mo ní rárá o, lójúkojú, ògiri ni ọ́.

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. O mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan wà ní yàrá kẹrin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún, àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Tuesday tó kọjá, mo ń fi omi nu ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ni mo bá gbọ́ ohùn yẹn láti inú rédíò rẹ̀. Ohùn yẹn, Dọ̀tun! Bí ẹni ń yí àgbá òfìfo lórí àpáta. Bí Bàbá ṣe máa ń gbé e sí i tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí wọ́n á bọ́ bàtà, tí wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àga, tí gbogbo àdúgbò á sì máa gbọ́ orin kọ́ńtìrì òyìnbó pẹ̀lú wa bóyá wọ́n fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa. Bàbá òyìnbó náà bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́kún. Mo ní ọṣẹ ni.

Ìdí nìyẹn. Mo fẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwa, àpá àti gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó máa gbé e wá náà ti wà, torí ìròyìn tó tóbi jù nìyí: físà Màmá ti jáde! Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ni wọ́n máa wọkọ̀ òfúrufú l'Ékòó. Oṣù Karùn-ún ni Latifah máa bí. Ìyá Latifah ti kú, o mọ̀. Kò sí ẹni tó máa bá wa wẹ ọmọ, kò sí ẹni tó máa kọ́ wa. Ẹ̀rù ń ba ọmọbìnrin yẹn, kì í kàn sọ ọ́ ni. Mo sọ fún Màmá lórí fóònù, wọ́n kàn ní "a ó rí i." Kí ni "a ó rí i"? Bá mi wò wọ́n lójú dáadáa, ìwọ tí ojú rẹ máa ń rí nǹkan.

JAMB: èló?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dayọ̀.


Ọ̀kà-Àkókó,
Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta.

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú Àǹtí wa. Ọgọ́sàn-án ó lé ẹyọ kan. Ẹ má ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe rí náà nìyẹn. Limota ní kí n tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, kí àwọn oníbàárà lè mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ló ń tẹ̀wé fún wọn.

Mo ti wo Màmá lójú. Lálẹ́ Tuesday wọ́n ń ro ọkà, mo jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ní, "Màmá, Bọ̀dá ń retí yín."

Wọ́n ní, "Kí ó máa retí ọmọ rẹ̀."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ rí ọmọ náà ni?"

"Ta ni yóò wà nílé?"

"Èmi."

"Ìwọ? Bí olè bá wọlé, tó ní ṣé kí òun kó tẹlifíṣọ̀n, wàá ní 'ẹn'."

Mo dákẹ́, èyí sì ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Nígbà tó yá wọ́n sọ omorogùn kalẹ̀, wọ́n ní, "Ayọ̀midọ̀tun, má yọ mí lẹ́nu. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, mo ti lọ. Bàbá yín ni kò fẹ́ kí n kúrò nínú ilé yìí. Ó sì sọ ọ́ léraléra, ìwọ gan-an ṣe ẹlẹ́rìí."

Bọ̀dá, mo ti kọ ọ́ fún yín bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Oníbàárà kan ti dé, ó fẹ́ tẹ ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, ó sì ti kọ orúkọ ìyàwó ní ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní láti bi í léèrè èwo ni.

Àbúrò yín,
Ayọ̀midọ̀tun.


Regina,
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta.

Dọ̀tun,

Kí ni mò ń kà yìí? Nígbà wo ni Bàbá sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá wọ kíláàsì láago mẹ́wàá, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ìlà kan sí pátákó, ó ṣubú. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù ó ti lọ. Kò sọ gbólóhùn kan fún ẹnikẹ́ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí olùkọ́ àgbà ń ròyìn rẹ̀ fún Màmá. Ẹ̀rí wo lo wá jẹ́?

Jẹ́ kí n bi ọ́ bí ẹ̀gbọ́n. Ṣé ìwọ lò ń kọ́ Màmá? Mo mọ̀ ọ́. Ìwọ kì í jà, ìwọ kì í sọ pé rárá. O kàn máa ń dákẹ́ bí omi inú ìkòkò títí gbogbo ènìyàn á fi ṣe ohun tó o fẹ́. Bí o kò bá fẹ́ dá nìkan gbé, sọ ọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ti ilé ọkọ pè mí.

Latifah sunkún lánàá. Ó ní bóyá Màmá kò fẹ́ràn òun ni, bóyá torí pé mùsùlùmí ni wọ́n bí òun. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ bó ṣe rí, torí mi ò mọ̀. Ìwọ lo mọ̀.

Kọ̀wé kíákíá.

Dayọ̀.


Regina,
Sọ́ńdè, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹta.

Dọ̀tun mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, fóònù rẹ ń dún, o ò gbé e. Màmá ní ara rẹ yá, pé o ń jẹun, pé o kàn "wà bẹ́ẹ̀ náà." Tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn ọ́, má bínú. Ẹ̀rù ni.

Jẹ́ kí n pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Mo fi àwòrán páálí tó o yà ránṣẹ́ han bàbá arúgbó yẹn. Kíá ló dá a mọ̀! Ó ní òun ní odindi rẹ̀ nígbà tí òun jẹ́ géńdé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin kẹta apá kejì fún mi, èyí tí Bàbá fẹ́ràn jù, èyí tó máa ń pe "Mary" yẹn. O rántí bí Bàbá ṣe máa ń wo Màmá tó bá dé ibẹ̀, torí orúkọ wọn ni, tí á máa rẹ́rìn-ín, tí Màmá á sì máa tijú? Gbogbo ìgbà ni mo rò pé orin ìfẹ́ ni.

Dọ̀tun, ìbaaka ni! Ìbaaka tí àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀. Mary lorúkọ ìbaaka náà! Òjò ń rọ̀, ẹnu ọ̀nà ọgbà ṣí sílẹ̀, ìbaaka fẹ́ jáde, ọkùnrin náà sì ń bẹ̀ ẹ́: má lọ, Mary, oúnjẹ wà nínú àká, mi ò ní ẹlòmíràn tí màá fi túlẹ̀. Ohun tó ní etí gígùn lẹ́yìn ọgbà nìyẹn, kì í ṣe ajá. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀!

Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n wá wò mí. Sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n á gbádùn ẹ̀. Bóyá ẹ̀rín á mú wọn rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Dayọ̀.


Ìkàrẹ́-Àkókó,
Sátidé, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin.

Bọ̀dá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá wà níbi iṣẹ́, ẹ gbé garawa kalẹ̀ kí ẹ tó kà á.

Mo ti tẹ lẹ́tà yìí lẹ́ẹ̀mẹfà, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Limota bi mí bóyá mò ń kọ ìwé ìròyìn. Mo kí yín, mo kí Àǹtí Latifah. Ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Èmi ni.

Bàbá kò sọ pé kí Màmá má kúrò. Èmi ni mo sọ ọ́.

Ogójì ọjọ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni. Ẹ ti padà sí ilé ìwé yín n'Ílọrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Màmá ti di ẹrù sínú àpò Ghana-must-go méjì, wọ́n fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Arigidi. Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìn-ìnnì. Màmá Ìwárò, ẹ̀gbọ́n Bàbá, jókòó ní pálọ̀, wọ́n ń sọ fún Màmá pé, "Máa lọ ní àlàáfíà, ìyàwó. A ò dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọláòtán àbúrò mi kì í gbé ilé ìyá. Dayọ̀ ti dàgbà. Dọ̀tun ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi." Mo ka òdòdó ara kọ́tìn-ìnnì náà: mọ́kànlélógójì. Màmá kò fèsì. Mo dúró kí wọ́n fèsì, wọn ò fèsì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná wà. Màmá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i, torí pé Sọ́ńdè ni, Bàbá sì máa ń gbé e sí i. Wọ́n ń ká aṣọ. Nígbà tó dé orin kẹta, ohùn yẹn ní "Mary." Màmá ju aṣọ sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ọ nígbà ayé Bàbá, ṣùgbọ́n nígbà náà Bàbá ló wà nídìí rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, àga Bàbá ṣófo.

Wọ́n ní, "Ó pè mí. Dọ̀tun, ṣé o gbọ́? Ó pè mí. Ìwọ lo lọ sílé ìwé. Kí ló ń sọ?"

Ẹ má rò pé Màmá ya òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé òyìnbó ló ń kọrin. Ohun tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà ni pé òkú lè rán ẹni tí ohùn rẹ̀ bá jìn dé ilẹ̀.

Ní tèmi, Pírámárì Fọ́ọ̀ ni mo wà. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwa mọ́kànlá ló wà ní kíláàsì náà, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi Yorùbá kọ́ wa. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo káwọ́ sẹ́yìn bí ògbufọ̀ níbi ìsọjí. Ọkùnrin náà bú ramúramù. Mo ní, "Ó ní, Mary aya mi." Ó tún bú ramúramù. Mo ní, "Ó ní òun ti dé ibi tí òun ń lọ, ọ̀nà dára." Wọ́n fun fèrè ẹlẹ́nu kan. Mo ní, "Ó ń sunkún." Nǹkan kan ké bí ẹranko, mo mọ̀ nísinsìnyí pé ẹranko ni. Mo ní, "Àwọn áńgẹ́lì nìyẹn."

Ó wá dé ibi àpá. Abẹ́rẹ́ há. "Don't go," ló wí. "Don't go. Don't go. Don't go." Nínú gbogbo orin náà, ìyẹn nìkan ni mo gbọ́ tó yé mi. Mo ní, "Ó ní kí ẹ má lọ."

Màmá ní, "Kí ló dé tó ń tún un sọ?"

Mo ní, "Kí ó lè yé yín ni."

"Kí n má lọ síbo?"

"Kí ẹ má fi ilé yìí sílẹ̀."

"Títí di ìgbà wo?"

Mo ní, "Láé. Ó ní láé."

Ìgbà mẹ́rìnlélógún ló wí i kí n tó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Màmá tú ẹrù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìkòkò méjì, aṣọ òkè kan, bàtà mẹ́ta, Bíbélì. Mo bá wọn kó wọn padà sí àyè wọn. Mo mọ àyè gbogbo wọn.

Bọ̀dá, mo lè pe ìyókù ní àṣìṣe. Ọmọdé ni mí, Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin náà jìn, ẹnikẹ́ni lè pe ìbaaka ní áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n "láé" kò sí nínú orin. "Láé" kì í ṣe àṣìṣe. Mi ò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Màmá Ìwárò, mi ò sì fẹ́ kí Màmá lọ. Mo fi ẹnu Bàbá sọ ọ́.

Ẹ ní mo máa ń dákẹ́ títí ènìyàn á fi ṣe ohun tí mo fẹ́. Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dákẹ́.

Ẹ wá ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìbaaka fún Màmá kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín.

Àbúrò yín,
Ayọ̀midọ̀tun.


Regina,
Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹrin.

Dọ̀tun,

Mo gbé garawa kalẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé Màmá Ìwárò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ̀kọ́ mi ni mo gbájú mọ́, mo sì fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sílẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìn-ìnnì. Mi ò ní bá ọ wí. Bóyá lọ́jọ́ mìíràn, kì í ṣe lónìí.

Ó ku ọjọ́ méjìlá kí wọ́n gbéra n'Ìkàrẹ́. Mo lè pè wọ́n kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mú fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e kalẹ̀. Latifah ní kò yẹ kí ó ti ẹnu mi jáde. Ìwọ ni ògbufọ̀ wọn. Lọ túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Tí wọ́n bá sì ní àwọn ò wá náà, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àwọn fúnra wọn ló kọ̀.

Dayọ̀.


Ọ̀kà-Àkókó,
Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin.

Bọ̀dá mi,

Mo mọ̀ pé Màmá ti pè yín láti Èkó, ẹ sì ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ẹ kú orí ire. Wọn ò ní sọ bó ṣe lọ fún yín, torí náà èmi á sọ ọ́.

Monday ọjọ́ kẹrìnlá ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ń bẹ iṣu lẹ́yìn ilé. Mo ti kọ ohun tí mo máa sọ sínú bébà, ṣùgbọ́n mo ká bébà náà, mo fi í sápò.

Mo ní, "Màmá, Mary inú rẹ́kọ́ọ̀dù kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ta wá ni?"

"Ìbaaka ni."

"Ìbaaka wo?"

"Irú èyí tí Ábúsálómù gùn."

Wọ́n wò mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àgbẹ̀, òjò, ọgbà, àká. Mo sọ pé mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà nígbà yẹn. Ọ̀bẹ dúró nínú iṣu. Wọ́n bi mí pé, "Ìbaaka náà, ṣé ó wá lọ?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù wa kò kọjá ibẹ̀ rí."

Wọ́n ní, "Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí o máa sọ pé o ò mọ̀."

Nígbà náà ni mo sọ ti Màmá Ìwárò fún wọn, àti ti "láé." Wọ́n dìde. Wọ́n fi iṣu sílẹ̀ ní bíbẹ ìlàjì. Èmi ni mo bẹ ìyókù.

Láti Tuesday títí di Friday, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń bu tèmi sínú abọ́, wọ́n ń dé e. Láàárọ̀, wọ́n ń kí ewúrẹ́ aládùúgbò, wọ́n á sì kọjá lára mi. Mo ti máa ń rò pé mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lò. Mo rí i pé ọmọ kíláàsì ni mí.

Ìrọ̀lẹ́ Good Friday, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n jókòó láìbọ́ gèlè. Wọ́n ní, "Ọdún yẹn, ìyá mi ń ṣàìsàn ní Arigidi. Ohun tí mo fi di ẹrù nìyẹn. Mo fẹ́ lọ tọ́jú rẹ̀. Mo wá ránṣẹ́ sí i pé ọkọ mi ní kí n má wá. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé ọkọ mi dáa, pé kí n gbọ́ tirẹ̀. Oṣù kẹjọ lẹ́yìn náà ló kú. Pósí ni mo bá."

Mo ní, "Mi ò mọ̀, Màmá."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀? Ọmọdé ni ọ́." Wọ́n wá tú gèlè. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọdé ni ọ́ lọ́dún tó kọjá. Kì í sì í ṣe ọmọdé ni ọ́ lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn."

Mo lọ bu omi wá fún wọn. Wọn ò mu ún.

Wọ́n wá ní, "Màmá Ìwárò ní ọmọ Ọláòtán kì í gbé ilé ìyá. Ta ló sọ fún ọ pé màá gbà? Mo kàn ń jẹ́ kí arúgbó sọ̀rọ̀ tán ni. Àpò méjì ni mo dì. Ṣé o wo inú ìkejì? Aṣọ rẹ ló wà níbẹ̀."

Mi ò wò ó. Èmi tí mo ka òdòdó ara kọ́tìn-ìnnì. Nígbà tí a ń tú ẹrù, ti inú àpò kìíní nìkan ni mo bá wọn tú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ fún yín, ìkòkò, bàtà, Bíbélì, n kò sì bi ara mi pé kí ló wà nínú èkejì.

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kò pẹ́. Wọ́n ní, "Ọdún méjìlá ni mo fi ṣe ìbaaka nínú ilé yìí. Ọláòtán á ti rẹ́rìn-ín kú lẹ́ẹ̀kejì níbi tó wà." Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ti ìlẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n lọ sí Arigidi. Wọ́n lo ọdún Àjíǹde níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò ní kí n bá àwọn lọ. Nígbà tí wọ́n dé, yẹ̀pẹ̀ pupa wà níbi orúnkún aṣọ wọn, bí ẹni tó kúnlẹ̀ nídìí ibojì. Wọ́n ní kí n lọ ra àdí àti ọṣẹ dúdú, pé ara ọmọ tuntun kò mọ̀ pé Kánádà ni òun wà. Bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n ń lọ nìyẹn.

Lánàá, aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀, a dé gáréèjì Ìkàrẹ́. Caleb, ọmọ alàgbà ìjọ wa, ló ń wakọ̀ lọ sí Èkó. Ọkọ̀ ti kún. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, báàgì lórí itan, rẹ́kọ́ọ̀dù yín nínú báàgì, mo fi aṣọ ìnura méjì wé e. Caleb ti ṣíná ọkọ̀. Ni Màmá bá na ọwọ́ síta, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Wọ́n ní, "Ẹnu tó dè mí ni yóò tú mi."

Mo ní, "Ẹ lọ, Màmá."

"Mi ò gbọ́."

"Ẹ lọ."

"Ọkọ̀ ń dún. Mi ò gbọ́."

Caleb wò mí nínú dígí. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní, "Ọmọ yìí, sọ̀rọ̀ sókè, a fẹ́ máa lọ!" Mo ya ẹnu. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú. "Ẹ LỌ!" Gbogbo gáréèjì yíjú. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì gbé agbọ̀n kalẹ̀. Agbèrò kan pariwo pé, "Ẹ wá wo ọmọ tó ń lé ìyá rẹ̀!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Màmá fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ń wo iwájú. Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí, mi ò sì bèèrè.

Mo dúró títí ọkọ̀ fi yà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ ìwé ìrántí òkú méjì àti ìwé ìdánwò kan. Limota bi mí bóyá òtútù mú mi, ó ní ohùn mi ti há. Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo wọ ọ̀kadà padà sí Ọ̀kà. Mo ṣí ìlẹ̀kùn. Mo gbálẹ̀ pálọ̀, ilé ìdáná, yàrá Màmá. Mo sá àwọn aṣọ tí wọ́n fọ̀ kalẹ̀. Mo jókòó díẹ̀ lórí àga Bàbá, mo dìde. Kò sẹ́ni tí mo lè dákẹ́ fún. Mo jẹ ìyókù ọkà, mo fọ abọ́. Aago mẹ́rin ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méje ni mo tó dùbúlẹ̀.

Àbúrò yín,
Ayọ̀midọ̀tun.